Ibi Tí Ajá Oṣù Ń Wà Lọ́sàn-án

Ibi tí ajá náà ń sùn ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ béèrè. Kò tíì jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá pẹ̀lú wàláà dígí lọ́wọ́, ó ń yọjú wo abẹ́ àpótí ìjókòó, ó ń wo ẹ̀yìn ìkòkò omi.

"Ajá wo?" ni Ìbídùnní wí.

"Ajá yín, mà. Ajá kan, ọmọ oṣù kan. Etí Ilé ló fi ránṣẹ́ sí wa. Ọ́fíìsì Ẹnu ni mo ti wá. Ládiméjì lorúkọ mi."

Ìbídùnní gbójú sókè wo Etí Ilé. Ó wà lára ògiri lókè ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó funfun, kò tóbi ju ẹnu ife lọ. Gbogbo ilé tó wà ní ìlú Ibòòji ló ní ọ̀kan. Òun ló máa ń ka iye ẹnu tó ń mu omi nínú ilé. Bí ẹ bá bímọ, ẹ ó lọ sọ. Bí ẹ bá gba àlejò, ẹ ó lọ sọ. Ẹnu tí ẹ ò bá sọ, tí Etí wá fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, gbogbo ilé ni òǹgbẹ yóò gbẹ fún un.

"A ò ní ajá," ni ó wí.

Ṣẹ̀gilọlá, ìyàwó àbúrò rẹ̀, jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọ̀bẹ tó fi ń rẹ́ ilá. "Ajá kẹ̀? Nínú ilé tí èmi ń gbé?"

Ládiméjì ò bá wọn jiyàn. Ó tẹ wàláà rẹ̀, ohùn Ìbídùnní fúnra rẹ̀ sì jáde níbẹ̀ ketekete: "Ajá oṣù ti jáde o. Ẹ wá wò ó kó tó wọlé." Ó tún un tẹ̀. "Ajá oṣù wà níbẹ̀ lónìí náà." Ó tún un tẹ̀. "Ajá oṣù ti rù sí i."

"Ẹ gbọ́ ọ, mà," ni Ládiméjì wí. "Ó ń rù. Ìyẹn tún ti di ọ̀rọ̀ ìfìyàjẹ ẹranko. Ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Etí gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ọmọ oṣù kan nígbà tẹ́ ẹ mú un wá, ó yẹ kó ti máa lọ sí oṣù méjì báyìí."

Ẹ̀rín pa Ṣẹ̀gilọlá débi pé ó fara ti ògiri. "Awẹ́lẹ́wà, ọkọ mi, mo sọ fún yín àbí n ò sọ fún yín? Mo ní ìràwọ̀ yìí á kó wa sí wàhálà." Orúkọ tó fún Ìbídùnní nìyẹn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé yìí gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ní ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn.

"Ìràwọ̀ ni, ọmọ mi," ni Ìbídùnní wí fún ọkùnrin náà. "Kì í ṣe ajá ilẹ̀."

"Ìràwọ̀ wo ló ń jẹ́ ajá?"

"Àgùàlà. Bó ṣe máa ń bá oṣù rìn ni wọ́n ṣe ń pè é ní ajá oṣù. Bí ìyá mi ṣe ń pè é nìyẹn."

Ládiméjì wò ó títí. Kò tíì ju ẹni ọdún márùndínlógójì lọ. Abẹ́ iná tó ń bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n bí i sí. "Etí kọ ọ́ síbí pé ajá, oṣù kan."

"Etí ò dúró gbọ́ ọ tán ni."

Ó mí kanlẹ̀, ó jókòó. "Fọ́ọ̀mù yìí ò láyè fún ìràwọ̀, mà. Mo gbọ́dọ̀ bi yín ní ohun tó wà níbẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀?"

"Funfun."

"Ṣé ó máa ń gbó?"

"Rárá."

"Níbo ló máa ń wà lọ́sàn-án?"

"Ibi tó wà náà ni. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń bò ó tí a kì í fi í rí i."

Ládiméjì kọ ọ́, ó ń kà á jáde bó ṣe ń kọ ọ́: "Ó wà nítòsí. A kì í rí i." Ó gbé wàláà kalẹ̀ sórí itan rẹ̀. "Ẹ mú mi lọ wò ó, kí n lè ní ojú mi ló rí i."

Wọ́n gun àtẹ̀gùn lọ sórí òrùlé, Ṣẹ̀gilọlá ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọ̀bẹ ilá lọ́wọ́, torí kò ní jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Iṣẹ́ Ìbídùnní ni òrùlé yìí. Láàárọ̀ ni yóò bomi rin ẹ̀fọ́ tó wà níbẹ̀, láṣàálẹ́ ni yóò yẹ iná wò. Oòrùn ọ̀sán ní Ibòòji ti le kọjá ohun tí ewé lè fara dà, nítorí náà aṣọ ibòòji ni wọ́n fi ń bo gbogbo òrùlé lọ́sàn-án, abẹ́ iná ọ̀gbìn ni ẹ̀fọ́ ti ń dàgbà lóru. Láti òrùlé dé òrùlé, láti ìpẹ̀kun ìlú dé ìpẹ̀kun rẹ̀, iná náà kì í kú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kò sẹ́ni tó ń rí ìràwọ̀ ní Ibòòji, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀.

Àmọ́ àlàfo kan wà. Bí oòrùn bá wọ̀, aṣọ ibòòji á ká ara rẹ̀ kúrò. Ìṣẹ́jú méjìlá lẹ́yìn náà ni iná tó ń tàn. Láàárín ìṣẹ́jú méjìlá yẹn, ọ̀run wà ní gbangba.

Ní oṣù tó kọjá ni Ìbídùnní rí ìwé kan lára ògiri ilé ìkàwé àdúgbò. Ilé Ẹ̀kọ́ Òfuurufú ló fi í síbẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fi ojú ara rẹ̀ wo ọ̀kan nínú àwọn ìràwọ̀ alárìnkiri fún ọgbọ̀n ìrọ̀lẹ́ tí kò já, tó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀, yóò bá wọn lọ sí Òkè Aláìníná fún ọjọ́ méje. Lórí òkè yẹn, wọ́n ní ìràwọ̀ pọ̀ débi pé èèyàn á máa wá ibi tó ṣókùnkùn láàárín wọn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Ìbídùnní. Ìràwọ̀ tó pọ̀ jù tó tíì rí papọ̀ lójú ara rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ.

Wọ́n fún un ní ewé ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Ìwé Olùbẹ̀rẹ̀, àti awò kékeré kan tí a fi ń wo ohun tó jìnnà, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó ka ewé náà títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́ fi ojú lásán wò ó kí o tó gbé awò. Ìràwọ̀ a máa ṣẹ́jú, alárìnkiri kì í ṣẹ́jú. Fi ìkúùkù rẹ wọn ọ̀run: na apá rẹ tán, kí o ka iye ìkúùkù tó wà láàárín ohun tí ò ń wò àti ibi tí oòrùn wà. Má ṣe gbé awò dojú kọ ibi tí oòrùn lè wọ inú rẹ̀. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, títí kan ohun tí o ṣe kí o tó rí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ọkọ̀ ẹrù òfuurufú ló yà sínú ìwé rẹ̀. Ó wò ó tìyanutìyanu títí ó fi yà bàrá, tó sọ̀ sórí òrùlé ilé ìfìwéránṣẹ́. Ṣẹ̀gilọlá ò tíì jẹ́ kó gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú, tó rí Àgùàlà tó dúró jẹ́ẹ́ lápá ìwọ̀ oòrùn.

Nísinsìnyí oòrùn wọ̀. Aṣọ ibòòji ká ara rẹ̀ pẹ̀lú ariwo bí ẹni ń gbá ilẹ̀. Ìbídùnní na ọwọ́ sókè, ìkúùkù mẹ́ta láti ibi tí oòrùn wọ̀ sí. "Òun nìyẹn."

Ládiméjì rí i. Funfun, kò ṣẹ́jú. "Èyí tó kéré báyìí?"

"Ẹ fojú sí awò."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Òṣùpá lẹ gbé sínú rẹ̀, mà. Mo rí i bó ṣe tẹ̀ kọrọdọ."

"Òṣùpá ló wà lókè orí yín yẹn."

Ó gbójú sókè. Òṣùpá wà lókè lóòótọ́, ó kù díẹ̀ kó di ìlàjì, ó jìnnà réré sí ibi tí awò kọjú sí. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Kí wá lèyí?"

"Ajá náà ni. Ìlàjì ni nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Òun ni mo ṣe ní ó ń rù."

Ládiméjì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ajá tó jọ olówó rẹ̀. Kí ló dé tí kò wá tẹ̀ lé e?"

"Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n jọ wà. Òṣùpá ti bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní, Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù."

"Tẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ sì ń pè é lájá."

"Orúkọ tí mo bá lẹ́nu ìyá mi nìyẹn."

Iná ọ̀gbìn tàn. Gbogbo òrùlé di àwọ̀ èsè àlùkò lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀run sì pa dé bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Wọ́n dúró díẹ̀ kí ojú wọn tó là, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ padà sí àgbàlá. Ìbídùnní kọ tirẹ̀ sínú ìwé lórí ìjókòó: ìrọ̀lẹ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ó ku mẹ́ta.

Ládiméjì gbé wàláà rẹ̀ sí i lójú. "Mo gbà yín gbọ́, mà. Àmọ́ ohun mẹ́ta ló wà níbí, n ò lè kúrò níbí láìtẹ ọ̀kan. Wà. Kú. Sálọ. Bí mo bá tẹ 'wà', ẹ ó pín omi yín fún un, ẹ ó sì jìyà oṣù tẹ́ ẹ fi pa á mọ́. Bí mo bá tẹ 'sálọ', a ó máa wá a káàkiri àdúgbò. Ẹ jẹ́ ká ní ó kú. Òkú ajá ò la ìbéèrè kankan lọ. Àtàǹpàkò yín péré ni."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, ọkọ mi," ni Ṣẹ̀gilọlá wí. "Kí Ọlọ́run tẹ́ ajá sí afẹ́fẹ́ rere."

Ìbídùnní na ọwọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí náà kó tó dá a dúró. Ìka yìí náà ló tẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbà á, lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí Ilé Ẹ̀kọ́ kọ síbẹ̀: Ohun tí ojú mi rí ni mo kọ.

"Ilé Ẹ̀kọ́ máa ń bi Etí kí wọ́n tó gba ìwé," ni ó wí. "Bí ìka yìí bá sọ fún Etí pé ó kú, tó wá sọ fún Ilé Ẹ̀kọ́ pé òun rí i lọ́jọ́ kejì, èwo ni kí wọ́n gbà nínú méjèèjì? Kò sí ọ̀nà mìíràn?"

Ládiméjì fi ọwọ́ pa irun orí rẹ̀. "Ó wà. Ẹ ka ìwé yín sétí Etí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá gbọ́ pé ìràwọ̀ ni, á yọ ajá náà kúrò fúnra rẹ̀." Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣí i, inú rẹ̀ ń dùn pé òun rí ọ̀nà. Ó dé ojú ewé kẹsàn-án, ó dúró. Ó ṣí dé ìkẹrìnlá. Ó ṣí dé ìkọkànlélógún. Kò ka èyí jáde. Ó kàn fi ìka rẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì fi àgbọ̀n tọ́ka sí ògiri níbi tí Etí wà.

Ìbídùnní mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀run. Mo dá iná ọ̀gbìn dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin kí n tó rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ ọ́. Ẹ̀fọ́ gbogbo àdúgbò ni iná yẹn ń tọ́. Ẹni tó bá dá a dúró kò ní gun òrùlé mọ́ títí ogójì ọjọ́.

Ládiméjì bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ẹ fo mẹ́ta yẹn. Etí ò mọ iye ewé tó wà nínú ìwé."

Ṣẹ̀gilọlá ò gbọ́, àmọ́ ó wo ojú àwọn méjèèjì, ó sì mọ̀. "Ọkọ mi," ni ó wí, láìṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, "ẹ rántí òkè tẹ́ ẹ fẹ́ lọ."

Ó rántí rẹ̀. Òun gan-an ló ń rò. Bó bá fò wọ́n, ó ku ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta péré. Bí kò bá fò wọ́n, ọgbọ̀n já. Nígbà tí ogójì ọjọ́ bá fi pé, Àgùàlà á ti wọnú oòrùn lọ, àwọn tó ń lọ sí Òkè Aláìníná á ti lọ wọ́n á ti dé. Àmọ́ ìwé wo ló fẹ́ fi lọ? Ohun kan ṣoṣo tó ní tó lè mú un dé òkè yẹn ni pé òtítọ́ ni gbogbo ohun tó kọ, títí kan èyí tí kò dára. Bó bá lè fo mẹ́ta nítorí Etí, kí ló dé tí kò fi lè hùmọ̀ mẹ́ta tó kù lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀?

Ó gba ìwé rẹ̀, ó dìde dúró sábẹ́ Etí, ó kà á. Kò yára kàwé rí. Ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, Ládiméjì ò sì kán an lójú. Ó ka ọkọ̀ ẹrù òfuurufú. Ó ka ìkẹsàn-án, ó ka ìkẹrìnlá, ó ka ìkọkànlélógún, ohùn rẹ̀ ò yí padà.

Nígbà tó parí, Etí fọhùn láti ara ògiri. "A ti yọ ajá kúrò. Ìbídùnní, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ dá iná ọ̀gbìn dúró. Ẹ ò gbọdọ̀ gun òrùlé fún ogójì ọjọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí."

"Ta ló wá fẹ́ máa gun àtẹ̀gùn yìí?" ni Ṣẹ̀gilọlá wí. Ó gbé ọ̀bẹ ilá kalẹ̀. "Èmi náà ni. Mo mọ̀."

Ládiméjì kí wọn, ó ń lọ. Lẹ́nu ọ̀nà ló yíjú padà. "Ẹ má bínú, mà. Mo gbádùn ajá náà."

Lọ́jọ́ kejì, Ìbídùnní ò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó fọ ohun tó ti fọ̀. Ó jókòó sí àgbàlá, ó ń wo ọ̀run tó wà láàárín ògiri mẹ́rin. Ilé alájà mẹ́ta ló wà lápá ìwọ̀ oòrùn. Bí àlàfo bá dé, ògiri yẹn ni Àgùàlà yóò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti wò ó lánàá àti lóṣù tó kọjá, ó sì mọ̀ pé kò lè yọ orí kọjá ògiri náà lásìkò yẹn. Lásìkò yẹn.

Oòrùn bọ́ sẹ́yìn ilé alájà mẹ́ta náà, òjìji rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bo àgbàlá. Òkè lọ́hùn-ún ṣì mọ́lẹ̀ gbòò. Òṣùpá funfun bí òwú wà ní apá ibi àtàrí. Ó wò ó, ó sì rántí ìbéèrè ọkùnrin náà, bó ṣe béèrè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá ajá tòótọ́. Níbo ló máa ń wà lọ́sàn-án?

Ibi tó wà náà ni, ni ó dá a lóhùn.

Ó dìde. Ó gbé awò jáde, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú òjìji ògiri, níbi tí oòrùn kò ti lè rí i mọ́ lónìí. Ìkúùkù mẹ́ta ló fi jìnnà sí oòrùn lánàá. Kò lè ju ìyẹn lọ lónìí. Ó na apá rẹ̀ láti ibi tí oòrùn ti bọ́ sẹ́yìn ògiri, ó kọjú sápá òṣùpá, ó ka mẹ́ta, ó kọjú awò síbẹ̀. Òfìfo. Ó yí i díẹ̀díẹ̀, sápá ọ̀tún, sápá òsì. Òfìfo aláwọ̀ aró. Ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó pẹ́ kó tó yé e pé òkè jù ni òun ń wá a: oòrùn ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ògiri láti ìgbà tó ti bọ́, ajá náà sì ti bá a sọ̀ kalẹ̀. Ó rẹ awò sílẹ̀ ní ìkúùkù kan.

Ó wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ kọrọdọ, ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju tàná lọ, láàárín ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ó yọ ojú kúrò nínú awò, ó wo ibẹ̀ lójú lásán, ó sì rí i, ẹyọ kan bí ihò abẹ́rẹ́ nínú aṣọ. Nígbà tó ti mọ ibi tó wà, kò mọ bí òun kò ṣe rí i láti ọjọ́ yìí wá.

Ṣẹ̀gilọlá kọjá pẹ̀lú garawa omi ẹ̀fọ́. "Kí lẹ̀ ń wá lójú ọ̀run lọ́sàn-án báyìí, ọkọ mi? Ọkọ̀ ẹrù?"

Ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ náà gún un láyà. Ọgbọ̀n ìrọ̀lẹ́ ni ìwé sọ. Ó lọ mú ewé Ìwé Olùbẹ̀rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò kọ àlàfo síbẹ̀. Wọn ò kọ alẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ. Ó dúró sábẹ́ Etí Ilé.

"Etí," ni ó wí, "mo kí ọ."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìbídùnní," ni Etí wí. "Agogo márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú."

Ìbídùnní jókòó, ó gbé ìwé lé itan, ó sì kọ ọ́ ní lẹ́tà ńláńlá tó rọra ń tọ ara wọn lẹ́yìn:

Ìrọ̀lẹ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Mi ò gun òrùlé. Oòrùn wà lẹ́yìn ògiri. Mo wá a ga jù kí n tó rí i. Etí Ilé jẹ́rìí sí àsìkò. Òṣùpá wà lókè, ó jìnnà sí i. Kò bá oṣù rìn. Òun nìkan ló ń lọ.